Oògùn Tí A Kì Í Gbọ̀n

Ọmọ àbúrò mi obìnrin tó ń kàwé ní Ẹ̀sà-Òkè ló ní kí n jókòó kí n kọ ọ́. Ó ní òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun ń rò ó bóyá àwọn á ṣe iṣẹ́ ilé oògùn, pé níwọ̀n ìgbà tí mo ti fi ọdún márùndínlógójì ṣe é, kí n sọ bó ṣe rí. Mo sọ fún un pé bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwúrí ló ń wá, kó lọ bá ẹlòmíràn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ ṣáà sọ ọ́ bó ṣe rí, Màmá." Ó dáa. Bó ṣe rí ni mo fẹ́ sọ yìí, ẹni tó bá kà á tí inú rẹ̀ bàjẹ́, kó rántí pé ẹ̀yin lẹ bẹ̀ mí.

Dọ́kàsì ni orúkọ mi. Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ Òṣogbo ni mo ti jẹ gbogbo owó ìjọba tí mo jẹ. Kò sí ìtàn nínú bí wọ́n ṣe gbà mí. Mo kàwé, mo gba fọ́ọ̀mù, wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n lọ sí ilé oògùn ní ilé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ. Owó oṣù kéré, ó sì máa ń pẹ́. Mo gba yàrá kan ní Ìgbọ̀nà, mo ra sítóòfù, ó parí. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká pè é ní Ọ̀gá Ọlátẹ́jú. Orúkọ rẹ̀ kọ́ nìyẹn, ẹ ó sì mọ ìdí tí mo fi pa orúkọ rẹ̀ mọ́ bí ẹ bá kà á délẹ̀. Ọmọ Iléṣà ni, àmọ́ Òṣogbo ni wọ́n ti tọ́ ọ, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, nítorí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bóyá ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń fi aago dá èèyàn lóró. Bí aago mẹ́jọ bá lù tí o kò tíì wọ kóòtù funfun rẹ, kì í pariwo. Á wò ọ́ láti òkè dígí ojú rẹ̀, á ní, "Dọ́kàsì, ta ló kú?" Bí o bá ní kò sẹ́ni tó kú, á ní, "Kí ló wá dá ẹ dúró lọ́nà?" A bẹ̀rù rẹ̀ gan-an. A fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú, àmọ́ a ò jẹ́ kó mọ̀.

Láyé ìgbà yẹn, oògùn olómi la fi ń tọ́jú èèyàn jù, àwa fúnra wa la sì ń pò ó. Àwọn aláìsàn á mú ìgò wá láti ilé, ìgò ọtí, ìgò òróró, a ó fọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó bu oògùn sí i. Èyí tí a ń fún ẹni tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru, ẹfun ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bí o bá gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹfun á rọ̀ sísàlẹ̀, omi á dúró lókè. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀gá mi ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló parí sí. "Gbọ̀n ọ́n," ni á wí. "Ìgò tí a kò bá gbọ̀n, ṣíbí àkọ́kọ́ omi ni, ṣíbí ìkẹyìn májèlé ni."

Ó ní bí a ṣe ń gbọ̀n ọ́n. O ò gbọdọ̀ máa yí i lọ́wọ́ bí ẹni ń ṣeré. Wàá di ọrùn ìgò mú, wàá fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí rẹ̀, wàá gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí, wàá gbọ̀n ọ́n ní ogún ìgbà, wàá sì máa kà á sókè kí òun gbọ́. Lọ́sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, ó gbọ́ tí mo dúró lórí ìkejìdínlógún. Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀lé e, ó ní kí n wá. Mo bá ogójì ìgò lórí tábìlì, omi lásán ló wà nínú wọn, ó ní kí n gbọ̀n wọ́n ní ogún ogún. Òun jókòó, ó ń ka ìwé ìròyìn. Kí n tó dé ìgò kẹẹ̀ẹ́dógún, apá ti ń ro mí dé ọrùn. Mo sunkún, mo ń kà á lọ. Nígbà tí mo parí, ó ká ìwé ìròyìn rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Orí lè gbàgbé. Apá yìí ò ní gbàgbé mọ́."

Kì í ṣe ìkà o. Mo ti rí ìkà, mo mọ bó ṣe ń ṣe. Ọjọ́ kan, mo fún obìnrin kan ní oògùn ikọ́ ọmọ, mi ò gbọ̀n ọ́n kí n tó bù ú láti inú ìgò ńlá. Bí obìnrin náà ti lọ tán ni mo jẹ́wọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ọ̀gá bọ́ kóòtù, ó fi ẹsẹ̀ rìn nínú oòrùn títí dé Ìgbọ̀nà, ó ń béèrè lẹ́nu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà títí ó fi rí wọn, ó bẹ̀ wọ́n, ó gba ìgò náà padà. Kò fi ẹjọ́ mi sun ẹnikẹ́ni. Ó kàn gbé ìgò náà síwájú mi, ó ní kí n wo bí omi inú rẹ̀ ṣe mọ́ tó.

Ó ní ọmọbìnrin kan, Morẹ́nikẹ́, òun nìkan ló kù nínú ọmọ mẹ́ta tí ìyàwó rẹ̀ bí. Láti iléèwé ló máa ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Á jókòó sórí àpótí lẹ́yìn kàǹtà, á bá mi ka ogún, nígbà mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ fo nọ́ńbà kan kí n lè ṣìnà. Àǹtí Dọ́kà ló ń pè mí. Mo máa ń bá a di irun bí iṣẹ́ bá ti dẹ̀.

Ìgbà ò lọ bí òréré. Ọ̀gá fẹ̀yìn tì, ó padà sí Iléṣà. Oògùn tí a ń pò dín kù, èyí tó wà nínú páálí pọ̀ sí i. Odó kékeré tí a fi ń lọ oògùn di ohun tí a fi ń tẹ ìwé mọ́lẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má gbé e. Kò sẹ́ni tó ń mú ìgò òróró wá mọ́. Àmọ́ gbígbọ̀n ò tán. Oògùn oníyẹ̀fun tí a ń pò fún àwọn ọmọdé, gbígbọ̀n ni. Oògùn ibà olómi, gbígbọ̀n ni. Bí mo bá ti mú ohun tó ń jẹ́ ìgò, yálà ó tóbi, yálà ó kéré, apá mi á ti gbé e dé etí kí n tó rò ó. Àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní bí mo bá ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò lọ́jà mà á gbọ̀n ọ́n. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, inú mi sì máa ń dùn.

Ọdún bíi mẹ́wàá kí n tó fẹ̀yìn tì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ ní ọ̀dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé èyí fún yín, torí òun ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé. Oògùn tí a fi ń pa jẹjẹrẹ dà bí oògùn tí à ń fín sóko láti pa koríko. Ó ń pa koríko lóòótọ́, àmọ́ ó ń jó ewé iṣu pẹ̀lú. Nínú ẹ̀jẹ̀ wa, àwọn kan wà tí wọ́n ń pè ní ẹ̀jẹ̀ funfun, àwọn ló ń bá kòkòrò àrùn jà. Bí oògùn jẹjẹrẹ bá ti wọ ara, á pa wọ́n. Fún ọjọ́ mélòó kan, ara aláìsàn ò ní ọlọ́dẹ kankan. Ikọ́ lásán lè pa á. Èso tí a ò fọ̀ dáadáa lè pa á. Mo ti rí obìnrin tí kókó inú ọmú rẹ̀ ti ń yọ́, tí dókítà ń rẹ́rìn-ín sí, tí ibà ọjọ́ méjì sì gbé lọ.

Abẹ́rẹ́ kan wá dé tí ń jí ẹ̀jẹ̀ funfun dìde. Inú mùdùnmúdùn egungun ni ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni oògùn yìí ń lọ láti mú kó yára ṣe òmíràn. Ìgò rẹ̀ kéré, kò ju ìka ọwọ́ lọ, omi inú rẹ̀ mọ́ gaara. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni, fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ́n. Àwọn mìíràn ta ilẹ̀ kí wọ́n tó rà á. Ó sì ní ìwà kan: inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Bó bá gbóná, ó bàjẹ́. Bó bá dì, ó bàjẹ́.

Ìtutù yìí ni mo gbájú mọ́. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, èmi náà sì kọ ọ́ gàdàgbà sára fíríìjì. Ẹ mọ bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ wa. Bí iná bá ti lọ tí jẹnẹrétọ̀ ò ní epo, owó àpò mi ni mo fi ń ra yìnyín, mà á kó àwọn ìgò náà sínú kúlà, mà á fi aṣọ sáàárín kí yìnyín má bàa kàn wọ́n. Àwọn dókítà ń yìn mí. Wọ́n ní bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ Màmá Dọ́kàsì ni oògùn ẹ̀jẹ̀ funfun wà, ọkàn àwọn balẹ̀.

Famasísìtì tuntun kan wà lọ́dọ̀ wa nígbà náà, Kafayat, ọmọ Òṣogbo. Nínú ìwé, òun ni ọ̀gá mi, torí ó lọ sí yunifásítì, èmi ò lọ. Nínú ọjọ́ orí, mo lè bí i. Kò sígbà tó máa kí mi tí kò ní kúnlẹ̀. Ó máa ń ka gbogbo ìwé pélébé tó wà nínú páálí oògùn, lẹ́tà wínníwínní tó máa ń fọ́ èèyàn lójú. Mo fi í ṣe ẹlẹ́yà lọ́jọ́ kan níwájú àwọn yòókù. Mo ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà, pé ohun tó ń wá nínú ìwé, ọwọ́ mi ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ká ìwé náà, ó fi í sápò. Mo fẹ́ kí ẹ rántí pé èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ti ọ̀rọ̀ yẹn sí mi lẹ́nu.

Ọdún yẹn ni Morẹ́nikẹ́ dé. Ó ti di olùkọ́ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, ó ti lọ́kọ, ó ti bí ọmọ méjì. Jẹjẹrẹ ọmú ni. Wọ́n ti gé e, wọ́n wá ń fún un ní oògùn. Lẹ́yìn ẹlẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀jẹ̀ funfun rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí dókítà fi kọ abẹ́rẹ́ náà fún un, ọjọ́ márùn-ún. Ó wọ ilé oògùn wá pẹ̀lú gèlè lórí, kò sí irun lábẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e, ó ti di arúgbó, ó ń tẹ̀pá.

"Àǹtí Dọ́kà," ó ní, "wọ́n ní ọwọ́ yín ni ẹ̀mí mi wà báyìí."

"Ọwọ́ Ọlọ́run ni," mo ní. "Jókòó."

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ ní Òṣogbo ló ń sùn kí ìrìn àjò má bàa pọ̀. Láràárọ̀ ni òun àti bàbá rẹ̀ ń wá. Nọ́ọ̀sì ló ń gún un, àmọ́ torí pé fíríìjì wọn níbẹ̀ kò dára, ọ̀dọ̀ wa ni oògùn ń gbé, èmi ni mo sì ń fà á sínú sírínjì kí n tó gbé e lọ bá wọn. Ọ̀gá Ọlátẹ́jú jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú kàǹtà, níbi tó ti lè rí mi. Mo mú ìgò kékeré náà jáde. Mo dì í mú, mo fi àtàǹpàkò tẹ ìdérí rẹ̀, mo gbé e dé ẹ̀gbẹ́ etí. Mo gbọ̀n ọ́n ní ogún ìgbà. Mo gbọ́ tí arúgbó náà ń kà á lábẹ́ ahọ́n. Nígbà tí mo parí, ó mi orí, ó ní, "Apá yẹn ò gbàgbé." Inú mi dùn débi pé omi lé sí mi lójú.

Omi inú ìgò náà yọ ìfóòfó. Mo dúró kí ìfóòfó náà rọlẹ̀ kí n tó fà á. Ọjọ́ márààrún ni mo ṣe bẹ́ẹ̀, ọjọ́ márààrún ni bàbá rẹ̀ jókòó síbẹ̀ tó ń wò mí.

Lọ́jọ́ kẹfà wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kò gòkè. Dókítà ní kí a ṣe ọjọ́ mẹ́ta sí i. Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ibà ti mú un. Wọ́n gbé e sí wọ́ọ̀dù, wọ́n fún un ní gbogbo oògùn apakòkòrò tí a ní àti èyí tí a lọ rà níta. Mo lọ kí i lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Ètè rẹ̀ ti gbẹ, ẹnu rẹ̀ kún fún egbò. Ó ní, "Àǹtí Dọ́kà, àwọn ọmọ mi ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń fọ aṣọ iléèwé wọn." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó kú ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, bàbá rẹ̀ di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

Àwọn èèyàn wá ń kí wọn, wọ́n ní omi ló dànù, agbè ò fọ́, bí ẹni pé ìkókó ló kú. Kí ni kò fọ́ níbẹ̀? Bàbá náà jókòó ní pálọ̀ rẹ̀ ní Iléṣà, nígbà tó rí mi ó dìde, ó dì mọ́ mi, ó sì sọ fún gbogbo ilé pé, "Ẹ wò ó, ọmọ mi kejì rèé. Ó ṣe é tọkàntọkàn. Ìṣojú mi ló ṣe é." Ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, obìnrin tó lè jẹ́ ìyá mi. Mo gbé e dìde, mo gbà á. Mi ò tíì mọ nǹkan kan nígbà yẹn.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú kí Kafayat tó wá bá mi. Mo ń mú irú ìgò kan náà jáde fún aláìsàn mìíràn, ọkùnrin kan. Mo ti gbé e dé etí. Ó di ọwọ́ mi mú. Kò tíì fọwọ́ kàn mí rí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú," ó ní. "A kì í gbọn èyí."

"Kí lo wí?"

"Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, Mà. Ó dà bíi funfun ẹyin. Bí èèyàn bá lù ú, á hó, kì í padà bọ̀ sípò mọ́. Bó bá hó, ó lè má ṣiṣẹ́ mọ́."

Ó na ìwé pélébé náà sí mi. Mo wá dígí ojú mi, mo kà á. Ìlà kan ṣoṣo ni. Mo kà á tó ẹ̀ẹ̀mẹrin.

"Ìgbà wo lo ti mọ̀?" mo ní.

Ó wo ilẹ̀. "Mo rí yín lọ́jọ́ tí Àǹtí tìṣà yẹn kọ́kọ́ wá. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, Mà. Wọláhi, mo fẹ́ sọ ọ́. Bàbá jókòó níbẹ̀, ó ń yìn yín. Mo rò ó pé bóyá ohun tí mo kà ni kò yé mi. Ẹ sì ti ní..." Kò parí rẹ̀. Àwa méjèèjì la mọ ohun tí mo ti ní.

Mi ò bú u. Kí ni mo fẹ́ bú u sí? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀, àmọ́ mo ti pa ọmọdé lẹ́nu mọ́ níwájú àwọn yòókù. Ó sunkún, mo sunkún, a ti ilẹ̀kùn ilé oògùn pa fún bí ìdajì wákàtí, àwọn aláìsàn ń kan ilẹ̀kùn lóde. Nígbà tó yá ó béèrè bóyá kí a kọ ìwé sí àwọn ọ̀gá lókè. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Mi ò rò ó. Òun náà kò tún béèrè mọ́, ọdún kejì rẹ̀ ó gba iṣẹ́ sí òkè òkun, ó lọ. Èyí náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi, torí ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ bí a ṣe ń dákẹ́.

Mo lọ bá dókítà kan, mo fi ọgbọ́n béèrè bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. Mo ní bí wọ́n bá gbọn oògùn yẹn, ṣé á bàjẹ́ pátápátá? Ó ní ó lè bàjẹ́ díẹ̀, ó lè bàjẹ́ púpọ̀, kò sẹ́ni tó lè fi ojú lásán mọ̀. Ó ní àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé bí oògùn náà tilẹ̀ dára, ẹ̀jẹ̀ wọn ò ní gòkè. Mo dúpẹ́. Ẹ rò pé ìyẹn á tù mí nínú. Ká ní ó sọ pé èmi ni mo pa á, mà bá mọ ibi tí mo dúró. Ká ní ó ní èmi kọ́, mà bá sùn. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀, mi ò sì lè mọ̀ láéláé. Kì í sì í ṣe Morẹ́nikẹ́ nìkan. Àwọn tó ti gba ìgò yẹn lọ́wọ́ mi ṣáájú rẹ̀ ńkọ́? Àwọn kan yè, àwọn kan kú. Ojú wọn ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń fọ àwo.

Ọdún mélòó kan tó kù, mo ṣe é bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Èyí tó dé lẹ́yìn ìgbà náà ti wà nínú sírínjì láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ń fà. Òmíràn tún dé tó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un lẹ́yìn oògùn jẹjẹrẹ. Ó dára. Mo ń wò ó, mo ń rò ó pé ká ní ó tètè dé díẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe ìdágbére fún mi, ọ̀gá àgbà dìde, ó ní ọwọ́ mi kò ní àbùkù. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ jẹ́ kí n lọ tọ̀, mo sì jókòó sí ilé ìyàgbẹ́ títí wọ́n fi wá mi wá.

Ẹ ní ṣé kí ẹ ṣe iṣẹ́ yìí. Mi ò mọ ohun tí mà á wí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó máa ka ìwé wínníwínní yẹn, kó sì jẹ́ kí ọmọ tó kéré sí i lè sọ fún un pé kò dáa. Mo mọ̀ pé ìyẹn rọrùn láti kọ sílẹ̀. Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo fẹ́ fi kún un, torí mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ọdún kan lẹ́yìn tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, kí arúgbó náà tó kú, kó mọ̀. Bó bá fẹ́ ṣépè, kó ṣépè. Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìyàwó rẹ̀ pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. "Ọmọ mi, káàbọ̀ sí ulé," ó ní, ó fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ ní fàráńdà, ó lọ gúnyán.

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Bàbá, oògùn Morẹ́nikẹ́, a kì í gbọ̀n ọ́n. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀, mi ò kà á. Mo gbọ̀n ọ́n. Bóyá òun ni kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

Mo gbọ́ odó láti ẹ̀yìn ilé.

"Ogún ìgbà," ó ní.

"Ogún ìgbà, sà."

"Mo wà níbẹ̀. Mo ń bá ẹ kà á." Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì tó gbé lé orí itan. "Dìde, Dọ́kàsì. Apá tí mo fún ẹ lo lò."

"Ẹ̀bi mi ni, Bàbá. Èmi ni mi ò kàwé."

"Ta ló sọ fún ẹ pé kí o má ṣe gbàgbé láé?"

Mo bẹ̀ ẹ́, mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, mo ní kó gbé ẹ̀bi náà fún mi padà. Iyán dé, mo jẹ ẹ́, òun ò jẹ. Mo rò pé mo ń lọ sọ ẹrù mi kalẹ̀. Mi ò mọ̀ pé orí rẹ̀ ni mo ń sọ ọ́ sí. Mo wọ mọ́tò padà sí Òṣogbo, ara mi sì fúyẹ́ lọ́nà, mo ń tijú láti kọ èyí, ara mi fúyẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ pè mí lóṣù tó tẹ̀lé e. Ó ní Bàbá ò gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, pé ó kàn ń wo ògiri. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi sin ín. Lẹ́yìn ìsìn, màmá náà fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní, "Dọ́kàsì, lọ́jọ́ tí o wá, kí lẹ jọ sọ? Láti ọjọ́ yẹn ni kò bá mi sọ̀rọ̀ gidi mọ́."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àtijọ́ ni, Mà. A kàn ń rántí."

Ojú rẹ̀ tú ká díẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní Ọlọ́run á bù kún mi, pé ó kéré tán, ọkọ òun rí ẹni bá a rántí ayé rẹ̀ kó tó lọ. Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sunday tó bá ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó máa ń pè mí láti gbàdúrà fún mi. Ó gbàdúrà pé iṣẹ́ ọwọ́ mi á jẹ́ ìbùkún fún àwọn ọmọ mi. Sunday tó kọjá ó tún pè. Mo gbé e, mo dúró títí ó fi gbàdúrà tán, mo ní àmín.